Wáyà Tí Kò Kí Bàbá

Mọ́sí Zongo, Tàmálè,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Disẹ́ńbà, 1939.

Abdul-Ganiyu ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ọyẹ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ọyẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ wà létí òkun. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Òyìnbó tí o ń bá ṣiṣẹ́ ńkọ́, ṣé inú rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀? Ilẹ̀ tí ó mì ní Àkírà lọ́dún yìí ńkọ́, ṣé ó ti dúró jẹ́ẹ́? Ọlọ́run tí ó yọ ọ́ nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ là sí méjì, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀. O kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín.

Mo ti kí ọ nìyẹn. Jọ̀ọ́, padà sókè, kí o ka iye ọ̀rọ̀ tí mo fi kí ọ, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ nínú lẹ́tà yìí, orí kíkí ló dúró lé. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́, pẹ̀lú ABD tí Kìrìsìtẹ́nì ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní Aboabo kọ́ mi, bí o bá rí ibi tí lẹ́tà kan ti ṣubú lu èkejì, bá mi gbé e dìde.

Nílé níbí, a wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ Àmínátù ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ òsì ti sàn, ọ̀tún ló wá ń dùn ún báyìí, ó ní àfàìmọ̀ kí ìrora náà má kàn ṣípò ni. A gba ààwẹ̀ tán ní àlàáfíà. Àgbò tí a ń bọ́ sílẹ̀ de Iléyá já okùn, ó sá wọ àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé kí n tó mú un lọ, mo fọwọ́ sí i, àgbò tó dá ẹ̀ṣẹ̀ náà kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Wọ́n ní ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú òyìnbó, n kò mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, ohun tí mo mọ̀ ni pé karosíìnì ti wọ́n. Owó díẹ̀ tó ṣẹ́kù lára owó ilé rẹ, mo kó o lọ sí báńkì inú pósófíìsì gẹ́gẹ́ bí o ti wí, wọ́n fún mi ní ìwé pélébé kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta mo padà lọ láti wò ó bóyá owó náà sùn dáadáa, mo ní kí akọ̀wé fi í hàn mí, mo sì sọ fún un pé ṣílè kan wà níbẹ̀ tí mo fi ọ̀bẹ fá létí kí n lè dá a mọ̀. Ó ní àwọn ti ná an. Mo ké gbàjarè. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òmíràn wà níbẹ̀ tó jọ ọ́. Mo fi sílẹ̀ fún wọn nítorí pé ìwọ lo ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi.

Ó yá, jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ Àlàmísì tó ṣáájú èyí tó kọjá, ọkùnrin pósófíìsì gun kẹ̀kẹ́ wá, ó ní mo ní wáyà láti Àkírà. Ìyá rẹ ti bú sẹ́kún kí ọkùnrin náà tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé ikú ló ń gun wáyà. Ó já a, ó kà á lédè òyìnbó, ó wá fi Hausa túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, Fún Tájù ní kọ́kọ́rọ́ lónìí, Gàníyù. Ó parí. Mo ní kí ó tún un kà, ó tún un kà. Mo ní kí ó yí ẹ̀yìn ìwé náà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní níbo ni kíkí wà? Ó ní kò sí kíkí. Mo ní bóyá ó já bọ́ lójú ọ̀nà ni, nítorí mo mọ̀ pé ẹyẹ máa ń bà lórí okùn wáyà yẹn láti ibí títí dé Kìntámpó. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní bàbá, ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sanwó fún, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi máa ń yọ kíkí kúrò. Mo ní ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó, ṣebí ọ̀rọ̀ ni yóò yọ kúrò kí ó fi kíkí ránṣẹ́? Bí ó bá ti kí mi, èmi á mọ̀ pé ó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, n óò sì dúró dè é.

Mo sọ fún ìyá rẹ pé Gàníyù kọ́ ló fi wáyà yìí ránṣẹ́. Ọmọ tí mo tọ́, tí kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ arúgbó láìdọ̀bálẹ̀, tí ó kí òkúta níjọ́ kan nítorí pé ó rò pé bàbá kan ló jókòó, ọmọ yẹn kò lè la ẹnu kó ní kí n fún Tájù ní kọ́kọ́rọ́ bí ẹni ń pàṣẹ fún ajá. Ní ọjọ́ kan náà, oòrùn kò tíì wọ̀, Tájù àgẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ti dé, ó ní òun wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ. Ta ló sọ fún un? N kò tíì bá aládùúgbò sọ ọ́. Mo dá a lóhùn pé kọ́kọ́rọ́ ń sùn. Mo lọ sí pósófíìsì láti fèsì fún ọ, akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ mi, ìgbà tí mo fi máa kí ọ dé orí òyìnbó rẹ, ó ní ó ti di ṣílè mẹ́ta àti sísì, bẹ́ẹ̀ a kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Mo ní kí ó mú ìwé rẹ̀ dání. Ìdí tí o fi ń rí lẹ́tà nìyí dípò wáyà, tó sì ti tó ọjọ́ mọ́kànlá.

Jẹ́ kí n tò ó bí ó ti ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè rí i pé orí mi ṣì pé. Oṣù keje ni lẹ́tà rẹ dé, tí o ní àádọ́rin pọ́n-ùn tí o fi ọdún méje kó jọ, o kò fẹ́ fi kọ́lé sórí ilẹ̀ tó ń jó. O ní kí n bá ọ ra ilé olóyàárá mẹ́fà ní Tàmálè, kí ìwọ náà lè di láńlọ́ọ̀dù, kí n sì wá ẹnì kan tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tí yóò máa mójú tó o, nítorí ẹsẹ̀ èmi kò lè máa gbé mi láti Zongo dé àdúgbò mìíràn lójoojúmọ́ mọ́. O ní Tájù ọmọ ìlú wa mọ iṣẹ́ náà, pé àgẹ́ńtì ni, ó sì mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni o fi ìpinnu sí. O kọ ọ́ pé ẹni tí ẹ̀yin bàbá bá fọkàn tán ni èmi náà fọkàn tán. Mo ti ka ibẹ̀ yẹn fún ìyá rẹ tó ìgbà mẹ́wàá.

Ilé náà, mo rà á ní Tìṣígù lọ́wọ́ bàbá ará Ọ̀fà tó ń padà sílé, èyí o ti mọ̀. Páànù ni wọ́n fi bò ó, kànga wà lágbàlá, ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ Kùránì mi. Láńlọ́ọ̀dù yẹn nìkan ni kò yé mi. Mo lọ bi akọ̀wé pósófíìsì, ó ní láńlọ́ọ̀dù ni òyìnbó ń pe máígídá. Háà! Gàníyù! Inú mi dùn débi pé mo pín gbànja fún gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà níbẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ di máígídá! O mọ ohun tí máígídá jẹ́ ní Zongo, àfi bí Àkírà bá ti mú ọ gbàgbé. Àlejò á ti òkè wá pẹ̀lú màlúù, òmíràn á ti Kùmásì wá pẹ̀lú gbànja, á wọ ilé máígídá, á sùn, á jẹ, máígídá á bá a wá oníbàárà, á dúró fún un níwájú ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, nígbà tí ọjà bá tà, àlejò á yọ láádá sílẹ̀ fún un, á dì, á máa lọ. Kò sí ẹni tó ń gba owó oorun lọ́wọ́ àlejò. Mo kéde rẹ̀ yí ká Zongo pé ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti di máígídá láti Àkírà níbi tó jókòó sí, wọ́n ń wá kí mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Mo wá ránṣẹ́ pe Tájù. Ó wá pẹ̀lú bàtà àti báàgì aláwọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo bi í pé bí àlejò márùn-ún bá dé láti Wagadugú, tí ẹsẹ̀ wọn wú, kí ni yóò kọ́kọ́ fún wọn? Ó ní fọ́ọ̀mù. Mo ní kí wọ́n fi ṣe kí ni, ṣé kí wọ́n jẹ ẹ́ ni? Ó ní wọn yóò kọ orúkọ wọn sí i, wọn yóò sì san owó oṣù kan ṣáájú kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ wọlé. Ó mú ọ̀kan jáde fún èmi náà, pé kí n fọwọ́ sí i kí òun lè gba iṣẹ́ ilé náà. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tó jẹ́ kìkì ẹ̀kán tàdáwà tóótòòtó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wò ó títí. Mo ní ẹni tó kọ ìwé yìí kò parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó lọ parí rẹ̀ ná. Tájù ní ibẹ̀ gan-an ni orúkọ mi yóò jókòó sí. Mo ní orúkọ mi kì í jókòó sórí nǹkan tó ní ihò. Ó rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ náà rẹ́rìn-ín, èmi kò rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ fi ìkánjú lé ọmọ ìlú ẹni. Ẹlòmíràn tí mo ní lọ́kàn ni Ìsá, ará Mọ́sí tó ń da màlúù tẹ́lẹ̀, tó ń ta okùn ní ẹnu ọ̀nà Zongo báyìí, ọkùnrin tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tán láàárọ̀. Mo rò ó pé kí n tó gbé àmánà ọmọ mi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí n kọ́kọ́ gbé tèmi lé e lọ́wọ́. O mọ̀ pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí gbànja. Ọmọ ọwọ́ ni gbànja: bí o kò bá tú agbọ̀n rẹ̀ wò, kí o yí i, kí o pààrọ̀ ewé rẹ̀, ọyẹ́ á gbẹ ẹ́, kòkòrò á wọ̀ ọ́, ó sì lè máa dán lókè kí ó ti bàjẹ́ nísàlẹ̀. Mo di agbọ̀n méjì, igba igba, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé ọ̀kan fún Tájù, mo gbé èkejì fún Ìsá, mo ní mò ń lọ sí Yẹ́ńdì, kí wọ́n bá mi tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. N kò lọ sí Yẹ́ńdì kankan o. Ìyá rẹ ní bí wọ́n bá rí mi níta, ìtìjú ni, ló bá tì mí mọ́lé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wo òrùlé.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Tájù gbé tirẹ̀ dé, ó dì í rèǹtè-rente pẹ̀lú ewé tútù, ó ní kí n kà á. Mo kà á, igba pé géérégé. Ìsá gbé tirẹ̀ dé, mo kà á, mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ni. Ó wá tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó da mẹ́tàdínlógójì tó ti bàjẹ́ sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní àwọn wọ̀nyí kú sí òun lọ́wọ́, pé màlúù kan tó sọnù tí òun ń bá àwọn darandaran wá ló mú òun kúrò nílé fún ọjọ́ méjì, òun kò pààrọ̀ ewé, ẹ̀bi òun ni, kí n sọ iye tí òun yóò san.

Ìyá rẹ ní Tájù ló yege, kí n má dà á láàmú mọ́. Mo ní kí ó bá mi kó méjèèjì jáde sójú oòrùn. Gbànja tí mo ṣà, pupa ni gbogbo rẹ̀, ńláńlá láti inú igbó Aṣáńtí. Nínú ti Tájù mo rí méjìdínláàádọ́ta tó kéré, tí funfun pọ̀ nínú wọn, èyí tí wọ́n ń tà ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ní ọjà Aboabo. Gàníyù, kò sí igba gbànja tí yóò pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ó bá pé, ẹnì kan ló mú un pé.

N kò pe Tájù lólè, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé mo pè é bẹ́ẹ̀. Owó ara rẹ̀ ló fi ra èyí tó fi dí i, olè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń tì í láti gbé òfò wá síwájú mi. Ṣùgbọ́n ìwọ wà ní Àkírà. Ọjọ́ tí páànù bá ṣí, tí kànga bá gbẹ, tí àlejò bá ṣàìsàn nínú yàrá kẹta, ìwé tí Tájù yóò kọ sí ọ ni pé igba pé. Ìwọ á máa yọ̀. Ọjọ́ tí o bá wá fojú ara rẹ rí i, ilé ti tán. Ìsá yóò kọ̀wé sí ọ pé mẹ́tàdínlógójì kú, inú á bí ọ, o ó bú u, ṣùgbọ́n o ó mọ iye tó kù. Ẹni tó lè gbé òfò wá síwájú ẹni ni mo lè sùn lé, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, báńkì kò kọ́ mi.

Bí mo ṣe fi Ìsá sílé Tìṣígù nìyẹn láti oṣù kẹsàn-án. O kọ̀wé, o bi mí pé èló ló ti wọlé. Mo dá ọ lóhùn pé èèyàn mọ́kànlá ló ti wọlé, pé gbogbo wọn ló sì jẹun yó. Mo rò pé inú rẹ yóò dùn ni. Láti ìgbà náà n kò gbúròó rẹ mọ́, wáyà ni mo rí.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, nítorí mo ti dàgbà kọjá kí n máa fara pamọ́ sẹ́yìn ẹyẹ tó bà lórí okùn. Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ìwọ kọ́ lo fi wáyà yẹn ránṣẹ́. Mo sọ fún ìyá rẹ, ó gbà, tàbí ó ṣe bí ẹni gbà. Ṣùgbọ́n mo padà lọ bá akọ̀wé ní ọjọ́ kejì, èmi nìkan, mo ní kí ó wò ó dáadáa. Ó fi ibi tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ hàn mí, ó ní Àkírà ni, ó ní orúkọ rẹ ló wà nísàlẹ̀. Mo wá mọ ẹni tó ti sọ fún Tájù. Mo jókòó sórí àga tó fà fún mi. Ó dùn mí, Gàníyù. Kì í ṣe nítorí kíkí nìkan. O ní ẹni tí mo bá fọkàn tán ni ìwọ náà fọkàn tán. Mo fọkàn tán ẹnì kan, ọ̀rọ̀ márùn-ún ni o fi gbà á padà.

Akọ̀wé náà wá ṣàlàyé fún mi pé láńlọ́ọ̀dù ti Àkírà kò jọ ti Zongo. Ó ní lọ́dọ̀ yín, owó oorun ni wọ́n ń gbà, lóṣooṣù, bí ẹni náà bá ṣàìsàn o, bí ọjà rẹ̀ bá tà o, bí kò tà o. Mo bi í pé tí kò bá rí i san ńkọ́. Ó ní wọ́n á kó ẹrù rẹ̀ síta. Mo ronú lé e fún ọjọ́ mẹ́ta. Owó rẹ ni, òógùn rẹ ni, n kò lè fi ọdún méje rẹ ṣe sàárà láìjẹ́ pé o mọ̀. Bí o bá ní owó oorun ni o fẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ ni, n kò ní bá ọ jà. Àṣìṣe tèmi ni pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ pẹ̀lú etí Zongo.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí, nítorí kò sí ọkùnrin tó fẹ́ràn láti sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ dé Tàmálè láti Ìlọrin, oyún rẹ ti wọ oṣù kẹjọ. Gbànja mi ti bàjẹ́ lọ́nà, gbogbo rẹ̀ pátá, n kò ní kọ́bọ̀, n kò gbọ́ Hausa ju sànnu lọ. Máígídá kan ará Káńò rí wa lábẹ́ igi, ó wo ikùn ìyá rẹ, ó ní kí a wọlé. Oṣù mọ́kànlá ni a lò. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n ti gbé ọ lé mi lọ́wọ́, àgbò rẹ̀ ni a pa sí orúkọ rẹ. Kò bi mí léèrè owó rí títí ó fi kú, láádá àkọ́kọ́ tí mo yọ fún un, ọdún kejì ni, ó sì dá ìdajì rẹ̀ padà fún mi. Bí ó bá jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ nà sí wa, abẹ́ igi yẹn ni ìyá rẹ ìbá bí ọ sí.

Nítorí náà, ohun tí mo ṣe rèé. Kọ́kọ́rọ́ ilé Tìṣígù ni èyí tí mo rán mọ́ inú aṣọ pupa tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, dírẹ́bà lọ́rì tó ń lọ sí Kùmásì ni yóò fi rán ẹlòmíràn sí ọ. Ọwọ́ mi kò gbé e fún Tájù, kò sì ní gbé e fún un. Bí o bá ka gbogbo èyí tán, tí ọkàn rẹ sì ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi gbé e fún un, kí o sì kọ lẹ́tà kan sí Ìsá, kí o kí i, kí o wá sọ fún un pé kí ó kó àlejò jáde. Bí o kò bá sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú àpótí rẹ. Kò sí ẹni tí yóò wá a níbí, nítorí Ìsá kò ti ilẹ̀kùn náà rí láti ọjọ́ tó ti débẹ̀.

Mo tún bẹ̀ ọ́, bá mi wá pọ́n-ùn méjì. Àlejò tuntun mẹ́rin ti dé, ẹní kò tó, ìyá rẹ sì ń dá tùwó ṣe fún èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú orúnkún kan. Fi ọṣẹ díẹ̀ kún un, àti ìwé ìkọ̀wé, nítorí èyí tó kù nílé ni o ń kà yìí. Láádá tí àwọn àlejò ń yọ fún ọ, Jímọ̀ Jímọ̀ ni Ìsá ń gbé e wá, n kò fọwọ́ kàn án, n kò kà á, àmánà ni, ìwọ ni o ni ín, mo ń dà á sínú ìkòkò lábẹ́ ibùsùn. Ọ̀kan ti kún, mo ti bẹ̀rẹ̀ èkejì, nígbà tí o bá wá sílé, o ó wá kà á fúnra rẹ, kí o wò ó bóyá ó tó nǹkan tí láńlọ́ọ̀dù Àkírà lè fi ra ọṣẹ.

Ọlọ́run yóò bá ọ ṣọ́ ọwọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́. Yóò fún ọ ní láádá ayé, yóò fún ọ ní ti ọ̀run. Ìyàwó tí yóò mọ ọ̀nà ilé wa, Ọlọ́run yóò fi ṣe tìrẹ. Ibi tí o bá dé tí o kò mọ ẹnikẹ́ni, ilẹ̀kùn yóò wà ní ṣíṣí, wọn yóò sì bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, kí wọ́n tó bi ọ́ ní orúkọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùfíyánù.